Ọgbẹ́ Tó Gbẹ, Ṣé Ó Ti Jinná?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Kì í ṣe ìwé ìtàn, kì í sì í ṣe eré orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni jinná. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Iṣu a máa jinná, ẹran a máa jinná, ọgbẹ́ náà a sì máa jinná. A ti lò ó títí débi pé a kì í bi í léèrè mọ́ pé, “Níbo lo ti wá?”

Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa níbí, ní Àjàó Estate, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ náà ń kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn bó bá ti di ọ̀rọ̀ ọgbẹ́. Inú ìkòkò nìkan ló kù sí. Àwọn ọmọ ilé ìwé á ní ojú ọgbẹ́ àwọn “ti hílì”. Àwọn ìyá wọn á ní ó “ti sàn”. Ẹlòmíràn á ní ó “ti gbẹ”, ó parí nìyẹn. Àríwísí ni mo fẹ́ ṣe lórí èyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni mo ń jà fún. Ẹsẹ̀ ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀mí ènìyàn náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tó wà nílé. Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ ṣeré rárá. Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ọgbẹ́ ni. Bó bá pẹ́ lára tí kò lọ, ó di egbò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣíwọ́, a ní ẹ̀jẹ̀ ti dá. Bí ibẹ̀ bá ga sókè, a ní ó wú. Bó bá bàjẹ́ tó ń rùn, a ní ó kẹ̀. Ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ nígbà náà, ọyún ni. Bí omi ojú rẹ̀ bá tán, a ní ó gbẹ. Nǹkan líle tó wá bò ó lójú, èépá ni. Bí etí ọgbẹ́ méjèèjì bá fa ara wọn mọ́ra, a ní ojú rẹ̀ ti padé, tàbí pé ó ti dí. Ẹ̀yìn gbogbo ìwọ̀nyí la tó ń sọ pé ó jinná. Ohun tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn náà ni àpá.

Ṣé ẹ rí i pé ìrìn àjò ni? Ó dà bí ẹni tó wọkọ̀ ní Òṣòdì tó ń lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ ní 7 and 8, lẹ́bàá àdúgbò wa níbí, tó wá ń tẹ ará ilé láago pé òun ti dé pápákọ̀, ẹ ò ní sọ pé onítọ̀hún parọ́? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn nígbà tá a bá fi “ó ti gbẹ” rọ́pò “ó ti jinná”.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ń gba ipò jinná mọ́ ọn lọ́wọ́. Èkínní ni sàn. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni sàn, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tí sàn ń sọ ni pé nǹkan dára ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. A máa ń ní, “Èyí sàn ju ìyẹn lọ.” Ẹni tí ibà ṣe lánàá tó sì mu ẹ̀kọ lónìí, ara rẹ̀ sàn díẹ̀. Bí ọ̀la bá tún dára, ara rẹ̀ sàn sí i. Ẹ rí i pé sàn ní ìwọ̀n, ó ṣeé bù kéré, ó ṣeé bù púpọ̀. Jinná kò rí bẹ́ẹ̀. Yálà kí nǹkan ti jinná tàbí kó máà tíì jinná. Ìyàwó ilé tó bá gbé iṣu kalẹ̀ tó ní ó “jinná díẹ̀”, ọkọ rẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ sọ: kò jinná!

Láti ara sàn la ti rí ìwòsàn. Wíwò títí tí yóò fi sàn ni. Ilé ìwòsàn jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń wo ènìyàn, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi dẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ cure tí àwọn Òyìnbó ń lò, nítorí inú èdè Látìn ló ti wá, ìtọ́jú ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Èkejì ni láradá, tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ràn jù. Ara dá, ìyẹn ni pé ara pé, kò sí ibi tó kù. A máa ń ní ara ẹnì kan dá ṣáṣá. Èyí ló bá heal ti Gẹ̀ẹ́sì mu, nítorí heal àti whole, tó túmọ̀ sí odidi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀kẹta ni àlàáfíà, tó ti ìdí èdè Lárúbáwá wá, tí àwọn Haúsá ń pè ní lafiya. Ìlera ni ní ìpìlẹ̀, kó tó di pé a fi ń kí ara wa.

Ẹ wò wọ́n dáadáa. Sàn ń wo bí nǹkan ṣe yí padà. Ìwòsàn ń wo ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú. Láradá ń wo odidi ara. Àlàáfíà ń wo ìgbé ayé ẹni. Nínú gbogbo wọn, èwo ló bojú wo inú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀, pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀? Jinná nìkan ni. Mo sì fẹ́ fi hàn yín pé orísun ọ̀rọ̀ náà ló fà á.

Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa kò kéré. Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Ti CMS jáde ní 1913, ti R. C. Abraham sì jáde ní 1958. Gbogbo wọn ló ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ ni láti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí. Ìdí ọ̀rọ̀, àwa tá a ni èdè la gbọ́dọ̀ wà á jáde. Èyí ni bí èmi ṣe wà á.

Iná wà nínú jinná. Ìyẹn ò le. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ láàárín wa: dá iná di dáná, pa iná di paná, yá iná di yáná, jó iná di jóná. Nínú gbogbo wọn, i tó bẹ̀rẹ̀ iná ló ń bọ́ sọnù, ọ̀rọ̀ ìṣe tó ṣáájú kì í sì í yí fáwẹ́lì rẹ̀ padà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé “jẹ iná” ló di jinná, ẹ dá a lóhùn pé jẹ iná ìbá di jẹná. Bó bá ní “jí iná” ni, ẹ ní jíná ni ìyẹn ìbá jẹ́, pẹ̀lú ohùn òkè. Ọ̀rọ̀ ìṣe tá a ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ jin.

Jin wo wá ni? Jìn ni, èyí tá a ń lò fún kànga, tá a sì ń lò fún ẹni tó ṣubú sínú ihò, tá a ní ó jìn sí kòtò. Ẹ̀yin á ní, “Tíṣà, ohùn ìsàlẹ̀ ni jìn ní, ohùn àárín sì ni jinná fi bẹ̀rẹ̀.” Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí à ń sọ lójoojúmọ́. Rà ni, ṣùgbọ́n a ń ra iṣu. Tà ni, ṣùgbọ́n a ń ta ẹran. Sè ni, ṣùgbọ́n a ń se ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gòkè sí àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni jìn ṣe di jin níwájú iná.

Ẹlẹ́rìí kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò lè já nírọ́. Kí là ń sọ bí omi bá lọ sísàlẹ̀ gan-an? A ní ó jinlẹ̀. Jìn àti ilẹ̀ ni, i ti bọ́, ohùn jìn ti gòkè. Kí là ń sọ bí ọ̀nà bá pọ̀ láàárín ibì kan sí ibòmíràn? A ní ó jìnnà. Jìn àti ọ̀nà ni, gẹ́gẹ́ bí mọ̀ àti ọ̀nà ṣe di mọ̀nà. Jinlẹ̀, jìnnà, jinná: ọmọ bàbá kan náà ni mo pè wọ́n. Ohun tó jinlẹ̀ wọnú ilẹ̀ lọ. Ohun tó jìnnà wọnú ọ̀nà lọ. Ohun tó jinná wọnú iná lọ, iná náà sì wọnú rẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀.

Ẹ wá lọ sí ìdí ààrò, ẹ ó rí i pé àwọn ìyá wa kò sọ ọ́ lásán. Ẹ wo obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì ní ẹ̀gbẹ́ títì. Bó bá kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí iná tó le jù, ojú ọ̀gẹ̀dẹ̀ á dúdú kíá, oníbàárà á rò pé ó ti tó jẹ. Kó bù ú ṣán báyìí, inú rẹ̀ á máa le gbandi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀hún jóná, kò jinná. Iná kan náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà! Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé nínú jóná, ojú ni iná ti ṣiṣẹ́. Nínú jinná, ó dé inú. Ìdí nìyẹn tí oníbọ̀ọ̀lì tó gbọ́n kì í fi í wo àwọ̀. Á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń se iṣu náà á fi ọ̀bẹ gún un láàárín. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn iṣu kó tó mọ̀ pé ó jinná.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọgbẹ́. Iṣẹ́ ìṣègùn òde òní kò lòdì sí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń wí. Ọgbẹ́ tó jìn, ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí jinná. Ẹran tuntun pupa á máa hù láti ìdí bọ̀ wá sókè, á máa kún ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, awọ á sì máa rìn láti etí wá títí yóò fi bò ó. Bí ojú bá ṣáájú ìsàlẹ̀ dí, ọyún á há sínú, á máa jẹ ẹran lọ ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń ki aṣọ funfun mímọ́ bọ inú ọgbẹ́ tó jìn, tí aláìsàn á máa bínú pé, “Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó padé?” Dókítà kò fẹ́ kó padé ni, ó fẹ́ kó jinná.

Ìjinná náà kì í sì í parí lọ́jọ́ tí èépá bá bọ́. Lábẹ́ àpá, ara á ṣì máa tún ara rẹ̀ hun fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ yẹn, awọ ojú àpá kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nínú 100, bí 80 ló máa ń padà dé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn bàbá wa tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ti sọ ọ́ tipẹ́: ojú àpá ò lè jọ ojú ara.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ìyá kan wà ládùúgbò wa níhìn-ín, ẹ̀kọ ló ń tà. Àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ti ń bá a fà á fún ọdún díẹ̀. Bàtà ló ha á lẹ́sẹ̀, ó di ọgbẹ́ kékeré lábẹ́ ọmọ ìka. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í, wọ́n ní kó máa bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì kékeré kan tí èrò ti pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ bi í léèrè láìtú aṣọ ọgbẹ́ wò, ó ní, “Mààmi, ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó ti sàn?” Ìyá ní, “Ó ti gbẹ, ọmọ mi, ẹ ṣeun.” Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọgbẹ́ ti jinná, ó sì ní kí wọ́n máa lọ ilé.

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹnu méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan béèrè sàn, ẹnì kejì fèsì gbẹ, jinná ló wọnú ìwé. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Òótọ́ ni pé ojú ọgbẹ́ gbẹ, nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ń tú kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò sójú rẹ̀ ní alaalẹ́, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe. Ìyẹn fi nǹkan bò ó lójú bí ìgbà tí ọbẹ̀ bá so èèpo. Nísàlẹ̀, ó ti ń kẹ̀. Àtọ̀gbẹ sì burú ní ti pé ó máa ń pa iṣan tí ènìyàn fi ń mọ ìrora, á tún fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pa, ọgbẹ́ á wá máa bàjẹ́ láìdunni. Òórùn ló tú u fó. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ọmọ ìka méjì ti lọ. Ó ṣì ń ta ẹ̀kọ rẹ̀ o, a dúpẹ́, àmọ́ ó ń tiro.

N kò ní kí ẹ gbé gbogbo ẹ̀bi lé ọ̀rọ̀ lórí. Nọ́ọ̀sì yẹn ìbá tú aṣọ wò. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń wí bí ìyá tirẹ̀ ti máa ń wí, tó ní, “Mààmi, ṣé ó ti jinná?”, ìyá ìbá ronú kó tó dáhùn. Ẹni tó ti ń se ẹ̀kọ láti kékeré mọ̀ pé ohun tó jinná yàtọ̀ sí ohun tó dì lójú. Ó ṣeé ṣe kó ní, “Háà, n ò lè sọ pé ó jinná o, ó kàn gbẹ ni.” Gbólóhùn yẹn nìkan ìbá tó láti fi tú aṣọ ẹsẹ̀.

Ewu kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà gba iná inú jinná sódì. Àwọn àgbà wa a máa fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná jó ojú ọgbẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ àlàyé mi lè sọ pé, “Ṣé ẹ rí i, iná ló ń jẹ́ kó jinná, ẹ gbé omi kaná!” Ó tì o. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìrora mọ́, omi gbígbóná á bó o lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Kì í ṣe àwa nìkan la ti rò pé iná ìta ló ń wo ọgbẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, epo tó ń hó ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù ń dà sínú ọgbẹ́ ìbọn. Ọjọ́ tí epo tán lọ́wọ́ Ambroise Paré, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lójú ogun, ó fi ẹyin, epo òdòdó rósì àti oje igi ṣe ìpara fún àwọn tó kù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí kò rí epo gbígbóná ló sùn, àwọn tí wọ́n da epo sí lára ló ń jẹ̀rora. Láti ọjọ́ náà ló ti pa epo tì. Iná tí ọ̀rọ̀ wa ń sọ, inú ara ló wà. Ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ, ìmọ́tótó àti àkókò ni igi ìdáná rẹ̀.

Àkókò ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀. Òwe wa ní sùúrù lè se òkúta jinná. Ìlú Èkó kò ní sùúrù. Gbogbo wa là ń sáré láti Ọ̀ṣọ́lọ̀ Way bọ́ sí Airport Road, a fẹ́ kí ọgbẹ́ náà sáré. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ràn gbẹ. Gbẹ yá. Gbẹ ṣeé fojú rí. Ẹ bi àwọn tí sáléńsà ọ̀kadà ti jó lẹ́sẹ̀ rí kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wa yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, 2022. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni sáléńsà fi jó wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló da nǹkan sí i kó lè gbẹ kíákíá, tí wọ́n tún padà ń tọ́jú rẹ̀ lóṣù kejì. Ohun tó jóná ní ìṣẹ́jú kan kò ní torí ìyẹn jinná ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹnì kan lè ní, “Ẹ̀yin náà, èdè ń dàgbà, ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn sọ ọ́ bó ti wù wọ́n. Bí gbogbo ènìyàn bá ti ní ọgbẹ́ sàn, ọgbẹ́ sàn nìyẹn.” Mo gbà pé èdè ń dàgbà. Èmi náà kì í pe bọ́ọ̀sì ní orúkọ mìíràn. Bí ọmọ bá mú ọ̀rọ̀ tuntun wálé fún ohun tuntun, ẹ jẹ́ ká fún un ní àga. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tuntun bá wọlé tó lé mẹ́ta jáde, tí kò sì lè ṣe iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn kọ́ ni ìdàgbà. Hílì kò sọ fún mi bóyá ojú ló gbẹ tàbí ìsàlẹ̀ ló kún. Sàn náà kò sọ ọ́. Ẹni tó ní òòlù, ayùn àti ìfági, tó wá ń fi òòlù nìkan ṣe gbogbo iṣẹ́, káfíńtà wo nìyẹn?

Àríwísí mi kò mọ sí ara ẹnì kan ṣoṣo, nítorí Yorùbá máa ń fi ọgbẹ́ pe ìbànújẹ́ náà. Ọgbẹ́ ọkàn wà, ọgbẹ́ ìlú sì wà. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn olóṣèlú àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ti ń ná ọ̀rọ̀ ní ìnákúnàá. Wọ́n á ní kí orílẹ̀-èdè gba ìwòsàn, kí gbogbo ọgbẹ́ ti sàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé parí, ìjọba Gowon kéde pé kò sí aṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ rere ni, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ètò àwọn àgbà: ẹ̀jẹ̀ dídá ni ibùdókọ̀ àkọ́kọ́. Yorùbá, Ígbò àti ẹ̀yà mìíràn la jọ ń gbé Àjàó Estate yìí, a sì mọ̀ pé àwọn ilé kan wà tí wọn kò lè dárúkọ ọdún wọ̀nyẹn láìmí kanlẹ̀.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni ti Òkè-Àfà. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, 2002, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà ogun sí ní bárékè Ìkẹjà gbiná, bọ́ǹbù sì ń bú gbàù lóríṣiríṣi. Àwọn ènìyàn sá kíjokíjo, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ìyá àti àwọn ọmọ, já sínú kànáàlì Òkè-Àfà, níbi tí koríko ti bo ojú omi tí wọ́n fi rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà ju 1,000 lọ. Ìjọba kọ́ ibi ìrántí síbẹ̀, àwọn ẹbí òkú sì ti ń péjọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, bí oṣù kìíní bá ti ń parí lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ariwo gbẹ. Ìwé ìròyìn gbẹ. Omijé ìta gbangba gbẹ. Èépá wá bo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wakọ̀ kọjá níbẹ̀ báyìí lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti sàn, kò sì ní jẹ̀bi, nítorí ó sàn ju òwúrọ̀ ọjọ́ 28 lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá tó fi ọmọ méjì sínú omi yẹn bóyá ó ti jinná. Ọgbẹ́ ìlú náà, ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sọ òtítọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí wọ́n mọ orúkọ òkú, kí wọ́n mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tọ́jú, kí wọ́n sì ṣe é. Òkúta ìrántí dára, àmọ́ bí kò bá sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀, èépá ni. Koríko tó bo omi ló kọ́kọ́ tàn wọ́n jẹ ní Òkè-Àfà. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa tún bo ohun tó jìn lójú.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ má fi “ṣé ó ti sàn?” béèrè ọgbẹ́ mọ́. Ẹ béèrè pé, “Ó gbẹ ni, àbí ó jinná?” Kí ẹ sì tú aṣọ wò. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń tọ́jú ìyá àti bàbá, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ wò, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ má dúró de ìgbà tó bá ní ó ń dun òun, nítorí ó lè máà dùn ún rárá. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé nǹkan dára díẹ̀, sàn wà ńlẹ̀ fún yín. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ojú rẹ̀ bò, ẹ ní ó gbẹ. Ẹ fi jinná sílẹ̀ fún ohun tí iná ti dé ìdí rẹ̀.

Èdè tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ yìí, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un láàárín wò kí wọ́n tó gbé e fún wa. Àwa náà, ká tó sọ pé ó jinná, ẹ jẹ́ ká máa gún un wò.